Àga Màmá Olóṣẹ àti Ewúrẹ́ Ìyá Bídèmí

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà Ìdí-Ìyeyè fi máa ń sọ pé, "Àga tí onílé kò bá jókòó sí, ewúrẹ́ ni yóò jókòó síbẹ̀"? Ẹ lè máa rò pé òwe àtayébáyé ni. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń sọ kiri pé bàbá bàbá òun ló kọ́kọ́ pa á. Kí Ọlọ́run dárí jì í, irọ́ ni. Òwe náà kò tíì dàgbà tó ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ojú mi báyìí ló ṣe, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́sàn-án gangan. Ògiri ni mo dì mú lọ́jọ́ náà tí n kò fi ṣubú.

Àwa obìnrin kan wà ní Ìdí-Ìyeyè tí a jọ ń se ọṣẹ dúdú. Màmá Olóṣẹ ló kó wa jọ. Ẹ má bi mí ní orúkọ wọn, nítorí ta ni yóò la ẹnu dárúkọ àgbà? Màmá Olóṣẹ la bá lẹ́nu àwọn ìyá wa, Màmá Olóṣẹ ni àwa náà ń pè wọ́n. Arúgbó dúdú tín-ín-rín ni wọ́n, ohùn wọn kì í ròkè. Ìkòkò ọṣẹ kan já lù wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹni tó máa ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ wa kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, àìsàn dá a jókòó sílé. Ọṣẹ wá kún yàrá dé àjà. Òjò sì ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọṣẹ dúdú, ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ràn ojú ọjọ́ tó bá tutù. Á máa fa omi, á máa rọ̀, títí á fi dà bí ẹ̀kọ tí kò jiná, gbogbo làálàá èèyàn á sì ṣàn lọ sínú gọ́tà. Láràárọ̀ ni Màmá ń lọ ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Wọ́n á fi ìka tẹ ọṣẹ wò, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún ti ilẹ̀kùn pa. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Èyí tí wọn kì í sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń dùn wá.

Ọlọ́run tó ń dá sí ọ̀rọ̀, Alhaja Sàkírátù pè wá. Alhaja yìí ló ní ilé ìtajà ńlá kan ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn ti gbúròó ọṣẹ wa.

"Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìkànnì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," báyìí ni Alhaja wí. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lo ọṣẹ náà, àti ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni màá wá. Bó bá tẹ́ mi lọ́rùn, gbogbo ọṣẹ inú yàrá yẹn ni màá kó."

Ayọ̀ wa kò ṣe é gbé. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ló lọ ṣàlàyé fún Màmá ohun tí wọ́n ń pè ní ìkànnì.

"Màmá, bí ilé ló ṣe rí, àmọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ́ ọ sí."

Màmá gbójú sókè. "Ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀?"

"Màmá, kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé ìlú rere ni," ni Màmá wí, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò wọn.

Ọláwùmí la gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ ìjọ wa ni, ìlú Ìlọrin ló lọ́kọ sí, iṣẹ́ ìkànnì kíkọ́ náà ló sì ń ṣe jẹun. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ó kọ ọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù wa lórí Wọ́sáàpù pé: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́ àti ìtàn wọn. Ẹ fi bí a ṣe ń lo ọṣẹ náà ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà kún un. Ẹ kó wọn jọ sójú kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ọlọ́run yóò ràn yín lọ́wọ́."

A kà á, ọ̀rọ̀ ìparí nìkan ló wọ̀ wá lára. Ni a bá bẹ̀rẹ̀.

"Àmín."

"Àmín o."

"Àmín ní orúkọ Jésù, ìwọ náà kò ní ṣaláìní olùrànlọ́wọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ọláwùmí tún kọ̀wé: "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyá mi. Àwọn nǹkan tí mo béèrè ńkọ́?"

Ìyá Bídèmí dá a lóhùn pé, "Àmín, ọmọ mi."

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú o. A lọ bá Màmá pé kí wọ́n jẹ́ ká ya fọ́tò wọn. Wọ́n wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ.

"Kí n lọ jókòó síwájú gbogbo ayé, kí n máa ta eyín? Ìgbéraga nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn ọmọdé."

Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń wí yìí, àwa ni o! Èyí tó kéré jù nínú wa ti ní ọmọ-ọmọ. Àmọ́ ta ni yóò gbé ojú tirẹ̀ síta ṣáájú ojú Màmá? Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á ní ó ti ń wo ipò Màmá láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá ń dúró de àwa, àwa ń dúró de Màmá, Ọláwùmí ń dúró de gbogbo wa. Òjò nìkan ni kò dúró de ẹnì kankan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti ń kùn bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní ká má dààmú. Ó ní, "Ọláwùmí, gbogbo ohun tí o ń wá ló wà nínú gúrúùpù. Ṣáà máa mú un níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, ti Ọjọ́bọ̀ ni kí o kó. Bí wọ́n ṣe ń lò ó, o máa rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé 'bí a ṣe ń lò ó'."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí ni kò sí nínú gúrúùpù wa? Àdúrà òwúrọ̀ wà níbẹ̀. Àgbo ata ilẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wa láti ibi tí a kò mọ̀, wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé Ọjọ́bọ̀ la bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n kọ̀wé, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni àbúrò bàbá ọkọ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún kú, tí gbogbo èèyàn sì rọ́ wọlé wá bá a kẹ́dùn.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Ọláwùmí ti wà nínú mọ́tò, ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó pe Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún pé òun fẹ́ gbé ìkànnì náà síta fún gbogbo ayé báyìí, òun kò sì tíì rí fọ́tò Màmá o. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wà nídìí iná, ó fi ọwọ́ kan ro ọṣẹ, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Ó ti rí fọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n ya Màmá níbi ìkórè, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sínú gúrúùpù láàárọ̀ yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e. Ó ṣì wà nínú fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó ń yí bí òkòtó.

"Ó ti wà níbẹ̀!" ló pariwo. "Fọ́tò tó kẹ́yìn nínú gúrúùpù ni. Mú un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀!"

Ẹ gbà mí o. Fọ́tò tó kẹ́yìn nínú gúrúùpù, Ìyá Bídèmí ló fi í síbẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀, Sísí, ló sọnù.

Ẹ wá wo gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A gbá a, a fọ̀ ọ́, a ta aṣọ funfun sára ògiri kí àwòrán lè hàn níbẹ̀. A gbé àga ńlá kan síwájú fún Màmá, a tẹ́ aṣọ òkè lé e, ó kọjú sí wa bí àga ọba. Alhaja Sàkírátù jókòó sí ìlà iwájú pẹ̀lú ìborùn wọn, wọ́n kọjú sí ògiri. A gbé ọṣẹ sínú abọ́ síwájú wọn, a sì gé díẹ̀ fún Làmídì, awakọ̀ wọn, tó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Màmá kò jókòó sórí àga náà. Wọ́n ní àwọn kò ní lọ gun àga ọlá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ àwọn. Àwa náà kò sì lè dárúkọ wọn. Wọ́n lọ fara pamọ́ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àga náà ṣófo gbàgẹ̀dẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún bọ́ síwájú. Ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó kọ ojú sí wa, ó ní kí Ọláwùmí tan ẹ̀rọ. Àwòrán yọ sára aṣọ funfun náà, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ilé. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: OLÙDÁSÍLẸ̀ WA.

Sísí ni. Sísí ewúrẹ́, pẹ̀lú irùngbọ̀n, ó ń jẹ èèpo iṣu.

 Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Alhaja, ìyá wa rèé!" ló wí, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ wo ojú yẹn dáadáa. Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe kún ibẹ̀. Láti kékeré la ti ń tẹ̀ lé wọn kiri."

Alhaja tẹ ọrùn síwájú. "Ṣé ẹni yìí ló ń se ọṣẹ?"

"Àwọn gan-an ni! Títí di òní, kò sí ọṣẹ tó ń jáde tí wọn kò kọ́kọ́ fẹnu tọ́ wò."

Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lábẹ́ àwòrán náà sókè, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: "Sísí lorúkọ rẹ̀. Dúdú ni, ó ní irùngbọ̀n díẹ̀, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì..."

Jésù! Gbogbo orí tó wà nínú gbọ̀ngàn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹsẹ̀ òsì Màmá.

"...Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti jáde nílé tí kò padà. Ó máa ń kan èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí i, kó dè é mọ́lẹ̀, kó pè wá."

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún wá bojú wẹ̀yìn. Igbe tó ké, ẹyẹ tó wà lórí òrùlé fò lọ. "Ọláwùmí! Yí i kúrò! Yí i lọ sísàlẹ̀!"

Ọláwùmí ń wá ibi tó máa tẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní fọ́tò tó kẹ́yìn, mà! Kò ṣí dáadáa nínú mọ́tò, ó rí wúruwùru. Mo rí nǹkan dúdú, mo rí irùngbọ̀n, mo ní bóyá ọjọ́ ogbó ló fà á!"

Ó yí i lọ sísàlẹ̀. Ìbá ti fi í sílẹ̀. Ibi tó kàn ni OHUN TÍ ÀWỌN ONÍBÀÁRÀ WA SỌ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé:

"Ó dùn wá gan-an. Ó ṣẹlẹ̀ lójijì."

"Ẹ mọ́kàn le. Kò sí ẹni tó lè bá Ọlọ́run wíjọ́."

"Ká má rí irú ẹ̀ mọ́ láé."

Alhaja ti ara wọn sẹ́yìn kúrò nídìí abọ́ ọṣẹ tó wà níwájú wọn. "Kí ni ọṣẹ yìí ṣe fún àwọn èèyàn?"

"Kì í ṣe ọṣẹ ló pa wọ́n, Alhaja!" ni Ìyá Bídèmí kígbe láti ẹ̀yìn, ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. "Àgbà ti dé sí wọn lára!"

Mo wo Màmá. Wọn kò wo ògiri rárá. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé yàrá ọṣẹ ni wọ́n ń rò. Mo ń gbàdúrà sínú. Àdúrà náà kò ju "Bàbá, Bàbá" lọ.

Ọláwùmí tún yí i sísàlẹ̀. BÍ A ṢE Ń LÒ Ó: "Bù ú sínú omi gbígbóná, rò ó pọ̀, kí o mu ún láàárọ̀ kí o tó jẹun. Fún ẹni tí kò bá lè mu ún, kó máa lá a díẹ̀díẹ̀. Ó ń fọ inú mọ́ tónítóní."

Alhaja fò dìde. "Làmídì! Làmídì kò tíì jẹun láàárọ̀ yìí, ó sì ń ka nǹkan lójú fóònù nígbà tí à ń bọ̀!"

Làmídì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọṣẹ tí a gé fún un mú. Ó ti lá a. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìfófòó ló jáde. Funfun, kíki, ó ń hó sí i bó ti ń mí. Ó bo irùngbọ̀n rẹ̀, ó bo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Alha—" ìfófòó bò ó. Mo sáré bu omi fún un, ó fi fọ ẹnu. Láti ọjọ́ tí mo ti ń se ọṣẹ, n kò tíì rí i kó hó bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń pọ̀ sí i.

A ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí ọ̀kadà kan fi dúró gbì síta. Ọkùnrin kan wọlé, òógùn bò ó, ó fi okùn fa nǹkan.

"Ẹ kú ìpàdé o," ló wí. "Èmi ni Múdà. Mo rí i lójú íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Mo ti bá yín mú olùdásílẹ̀ yín wá. Mo dè é mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí a ṣe é."

Sísí gangan ni! Bí Ìyá Bídèmí ṣe rí i, ó kígbe, "Sísí mi!" Ewúrẹ́ náà ta, okùn já mọ́ Múdà lọ́wọ́. Ó gba àárín wa kọjá, ó ń tiro, ó kan Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní ìdí, ó bẹ́ sórí àga Màmá. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan lórí aṣọ òkè náà. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó. Ó wá ń wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ náà.

Àwòrán rẹ̀ sì wà lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ti mú kí Ọláwùmí yí i padà sókè.

 Ìfófòó ẹnu Làmídì nìkan ló ń dún ṣíì.

Ni mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá Olóṣẹ ti ń lọ. Wọ́n ń tiro lọ síwájú, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n dé iwájú, wọ́n dúró, wọ́n wo ewúrẹ́, ewúrẹ́ wo wọ́n.

"Ìwọ kò jẹ̀bi," ni wọ́n sọ fún un. "Ìwọ rí àyè, o jókòó." Wọ́n wá kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń gbé àdín kaná nínú yín kó tó sẹ́ omi eérú rẹ̀?"

A ní, "Kò sí, Màmá."

"Ẹ máa ń sun èèpo kòkó, ẹ máa ń sẹ́ eérú, ẹ máa ń to ohun gbogbo sílẹ̀ kí iná tó jó. Ilé tí gbogbo ayé ti máa wò wá lẹ wá lọ kọ́ láìto nǹkan kan. Àmọ́ tèmi ló burú jù. Mo ní mi ò gbéra ga, mo fi àga mi sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: àga tí onílé kò bá jókòó sí, ewúrẹ́ ni yóò jókòó síbẹ̀. Ìyá Bídèmí, wá gbé ẹran rẹ."

Ìyá Bídèmí gbé e. Màmá fi ọwọ́ gbọn aṣọ òkè náà, wọ́n jókòó sínú àga, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì wọn síwájú kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Ọláwùmí, yà mí. Orúkọ mi ni Débórà Àyọ̀ká. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rù bà wá ju ti ewúrẹ́ lọ! Obìnrin tí a ti ń bá se ọṣẹ láti ìgbà èwe wa, ọjọ́ náà la kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún tiẹ̀ kúnlẹ̀.

Ó wá ku Alhaja. Alhaja kò wo Màmá, wọn kò wo ògiri. Làmídì ni wọ́n ń wò. Wọ́n lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìka kan ìfófòó tó wà lágbọ̀n rẹ̀, wọ́n fi ra ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tún hó.

"Làmídì, báwo lo ṣe lá a tó?"

Làmídì nu ẹnu. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Alhaja. Orí ahọ́n lásán."

"Orí ahọ́n lásán, òun ló hó tó báyìí?" Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi bọ́ sílẹ̀. "Mo ti ra ọṣẹ tí mo fi kànrìnkàn gbo títí tí kò hó. Ẹ lọ ṣí yàrá yẹn fún mi, kí òjò tó dé. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń kó. Ṣùgbọ́n Ọláwùmí, ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ìkànnì yẹn wà lójú ayé títí di alẹ́. Tú u palẹ̀, kó nǹkan rẹ jọ sójú kan ná, kí o tó tún un kọ́."

Bí a ti ń ru ọṣẹ sínú ọkọ̀ Alhaja la ń kọrin ọpẹ́. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe wọlé báyìí ni òjò sọ̀ kalẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ṣófo, wọn kò rí nǹkan kan fi ìka tẹ̀ wò mọ́. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Fọ́tò wọn wà lórí ìkànnì wa báyìí, pẹ̀lú orúkọ wọn, lórí àga náà. Àwa yòókù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé Màmá ti ṣáájú. Bí ẹ bá wo igun fọ́tò náà dáadáa, ẹ ó rí etí dúdú kan níbẹ̀ àti irùngbọ̀n díẹ̀. Ọláwùmí ní òun lè gé e kúrò. Màmá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa rán wa létí.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ mú fọ́tò yín wá, ẹ má ṣe dáhùn pé "Àmín." Ẹ dìde, ẹ lọ wá a. Àga tí onílé kò bá jókòó sí, ewúrẹ́ ni yóò jókòó síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì.